Ògiri èbúté San Francisco: ta ni yóò san owó ẹrẹ̀?

Iṣẹ́ ìṣirò owó ilé kíkọ́ ni mo ń ṣe ní Oakland, ní òdìkejì omi sí San Francisco. Kò sí kọ́bọ̀ mi nínú iṣẹ́ ògiri Embarcadero, ògiri tó ya etí ìlú San Francisco sọ́tọ̀ kúrò lára omi, n kò sì bá wọn gbé òkúta kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àyẹ̀wò ńlá ti jáde ní 2016 ni mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: ohun tí wọ́n bá nísàlẹ̀, iye tí wọ́n pè é, ibi tí owó ti wá, ibi tí owó kò ti wá. Ìwé tí ìjọba ìlú àti ìjọba àpapọ̀ gbé síta fún tajá tẹran ni mo ń kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé a máa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dá ìlú olówó yẹn dúró lórí ògiri kan ṣoṣo?" Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí fóònù lọ.

Ohun tí wọ́n jogún

Ògiri ọ̀hún gùn tó máìlì mẹ́ta, láti Fisherman's Wharf títí dé Mission Creek. Bí ẹ bá ń rìn lórí rẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé orí ògiri lẹ wà. Ọ̀nà tó fẹ̀ ni ẹ ó rí, pẹ̀lú igi ọ̀pẹ, reluwé ìgboro, ilé oúnjẹ, àti àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó lé ní 500 éékà, omi ni tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ayé ya bo Kalifọ́níà ní 1849 nítorí góòlù, òpópónà Montgomery ni omi dé. Ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, àwọn atukọ̀ ń sá lọ wa góòlù, ọkọ̀ òfìfo sì kún èbúté. Wọ́n da yanrìn àti pàǹtírí bo òmíràn nínú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e. Ní ayé òde òní pàápàá, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní àdúgbò yẹn ti kan ara ọkọ̀ nínú ilẹ̀.

Ní 1863 ni ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà gbé ìgbìmọ̀ èbúté kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògiri kan ní 1867, tó ń ya sọ́tùn-ún ya sósì lẹ́bàá omi. Kò bá wọn lára mu, wọ́n pa á tì. Ní 1878 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà títí di òní, tó tẹ̀ kọrọdọ yípo etí omi. Wọ́n ń mọ ọ́n ní abala-abala, ó sì ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Òkè Telegraph Hill tó wà nítòsí ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta, wọ́n fọ́ ọ débi pé ilé àwọn tó ń gbé orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. George Gray, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ni kúárì ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó jẹ ní owó iṣẹ́ $17.50 ló yìnbọn pa á ní 1914, ilé ẹjọ́ sì dá òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Bí wọ́n ṣe mọ ògiri náà nìyí. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ kòtò gígùn sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n da òkúta sí i, òkúta ń rì, wọ́n ń dà sí i, títí òkìtì òkúta fi yọrí. Wọ́n gún òpó wọlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú rẹ̀ lókè, wọ́n wá da yanrìn àti ohunkóhun tó bá wà nítòsí kún ẹ̀yìn. Ní ibi tó pọ̀ jù, kòtò yẹn kò kan ilẹ̀ líle. Orí ẹrẹ̀ ni òkúta jókòó lé, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì dà bí ẹ̀kọ inú abọ́: bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan abọ́, ó dúró jẹ́ẹ́, bí abọ́ bá mì, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yanrìn tó ti mumi yó lẹ́yìn ògiri náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì dáadáa, kò ní lè gbé ẹrù mọ́, yóò máa ti ògiri síta sínú omi. Bí ògiri bá sún, ọ̀nà tó wà lórí rẹ̀ á là, páìpù omi, ti gáàsì àti ti omi ẹ̀gbin á já, ọkọ̀ kò ní lè gúnlẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ògiri yìí rí 1906, kò wó. Òótọ́ ni. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún yẹn àti iná tó tẹ̀lé e run ìlú, ṣùgbọ́n Ferry Building tí wọ́n ṣí ní 1898 dúró, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì gba etí omi yẹn wọ ọkọ̀ sá lọ. Wọ́n tún máa ń sọ ti 1989. Èmi kì í gba ẹ̀rí 1989 yẹn rárá. Àárín òkè Santa Cruz, tó jìnnà réré sí ìlú níhà gúúsù, ni ìmìtìtì ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá náà ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ba afárá ńlá tó gba etí omi kọjá jẹ́ débi pé wọ́n wó o ní 1991. Ògiri kò tíì rí èyí tó sún mọ́ ọn láti 1906, iye ilé àti èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí kò sì ṣeé fi wé ti ìgbà náà.

2016: èsì àyẹ̀wò jáde

Àjọ Èbúté San Francisco ní kí àwọn ẹnjiníà yẹ ògiri wò láti òpin kan dé èkejì. Nínú ìmìtìtì ńlá, wọ́n ní apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò rì tí yóò sì sún síta. Nǹkan bí $2 bílíọ̀nù sí $3 bílíọ̀nù ni wọ́n sọ pé yóò ná ìlú láti fún un lágbára. Bí wọ́n bá fi ti òkun tó ń ga sí i kún un, owó náà lè di $5 bílíọ̀nù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ti sọ ṣáájú pé, láàárín 2014 sí 2043, ó ṣeé ṣe ní ìdá 72 nínú 100 kí ìmìtìtì tí agbára rẹ̀ tó 6.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí.

Mo ka ìwé náà lákàtúnkà. Ọ̀rọ̀ omi ni gbogbo ìlú ń sọ, nítorí pé omi ni ojú ń rí. Nígbà tí òkun bá kún jù lọ lọ́dún, ó máa ń ta sórí ọ̀nà nítòsí Pier 14, àwọn oníròyìn á wá, wọ́n á ya fídíò. Ta ni yóò ya fídíò ẹrẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ ni ìwé náà ń sọ láti ojú ewé dé ojú ewé.

Lọ́dún yẹn kan náà, National Trust for Historic Preservation fi etí omi Embarcadero sínú orúkọ ibi àtijọ́ mọ́kànlá tó wà nínú ewu jù lọ ní Amẹ́ríkà. Láti 2006 ni àdúgbò náà ti wà nínú ìwé ibi ìtàn ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àwọn gọ̀dáńù wọ́ọ̀fù àtijọ́ tó jókòó sórí ògiri. Nínú ìṣirò tèmi, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ń sọ owó di púpọ̀. Bí ògiri bá jẹ́ ògiri lásán, ẹ ó wó o, ẹ ó mọ tuntun. Níhìn-ín, ilé àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wá bí ẹ ó ṣe gbé dúró, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ta ló ni ín, kí ló sì wà lápò rẹ̀?

Òfin Burton ti 1968 ló gba èbúté lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fún ìlú, ìlú sì gbà á ní 1969, pẹ̀lú gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, Àjọ Èbúté kì í jẹ nínú àpò owó orí ìlú. Owó háyà ló fi ń gbé ara rẹ̀: ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọkọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́. Owó háyà lè tún òrùlé ṣe. Kò lè gbé ògiri máìlì mẹ́ta.

Ẹni tó bá mọ Èkó á bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò ta ilẹ̀ kí wọ́n fi owó rẹ̀ mọ ògiri. Nígbà tí òkun ń gba Bar Beach, tó ń ya wọ Ahmadu Bello Way, ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe nìyẹn: wọ́n fún àwọn aládàáni láyè láti da yanrìn kún òkun, kí wọ́n mọ ògiri, kí wọ́n sì ta ilẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ yọ. Bí Eko Atlantic ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. (Àwọn ògiri tí ìjọba amúnisìn tì sínú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, ló ti ń dá yanrìn dúró tí Bar Beach fi ń jẹ, àwọn tó ń gbé ní ìlà-oòrùn Eko Atlantic sì ń ké lónìí pé òkun ti kọjú sí àwọn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ní Kalifọ́níà, òfin ti ọ̀nà yẹn pa. Ohun ìní gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni ilẹ̀ etí omi, ìlú kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni, kò sì lè tà á bí ẹni ta púlọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló kù: kí ìlú yá owó, tàbí kí ìjọba àpapọ̀ mú owó wá.

2018: àpò méjì

Ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ni wọ́n dìbò lórí Proposition A: kí ìlú ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, $425 mílíọ̀nù fún ògiri, kí wọ́n máa fi owó orí ilé san án padà. Òfin Kalifọ́níà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò gbọ́dọ̀ gbà. Ó lé ní 82 nínú 100 tó gbà. N kò retí pé ó máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí. Ọgbọ́n tí ìlú máa ń dá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: wọn kì í ta bọ́ǹdì tuntun àyàfi bí ti àtijọ́ bá ń parí lọ, kí iye tí onílé ń san má baà ga ju ti 2006. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé owó náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Èyí àkọ́kọ́, nǹkan bí $50 mílíọ̀nù, di 2020.

Lọ́dún 2018 kan náà ni US Army Corps of Engineers, ẹ̀ka ẹnjiníà ológun tó ń bójú tó èbúté àti ìdènà ìkún-omi jákèjádò Amẹ́ríkà, gbà láti bá ìlú ṣe àyẹ̀wò etí omi náà. Àwọn méjèèjì ló ń pín owó àyẹ̀wò náà ní dọ́gbandọ́gba. Òfin Corps nígbà náà ni pé kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ má ju ọdún mẹ́ta àti $3 mílíọ̀nù lọ. Ti San Francisco ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, wọ́n ní láti gbàṣẹ fún àfikún àkókò àti owó.

Níbí ni mo fà gègé sí nísàlẹ̀ nínú ìwé mi. Ìkún-omi ni iṣẹ́ tí Corps ń ṣe, ìyẹn ni wọ́n lè bá ìlú san. Wọ́n á wo iye dúkìá tí omi ìbá bàjẹ́, wọ́n á fi wé owó tí ògiri yóò ná wọn, bí èrè bá ju owó lọ, iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú. Ìmìtìtì ilẹ̀ kò sí lórí òṣùwọ̀n yẹn fúnra rẹ̀. Nítorí náà àpò kékeré, bọ́ǹdì ìlú, ló ṣeé ná sórí ẹrẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; àpò ńlá ń wá omi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní owó bá ní oògùn làpálàpá nìkan lòun ń rà ńkọ́?

2020 sí 2022

Ìwádìí kíkún lórí ewu ògiri jáde ní 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti lu ihò àyẹ̀wò sílẹ̀ káàkiri. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó fi hàn pé ewu kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹrẹ̀ jìn níbì kan, kò jìn níbòmíràn. Abala kan wà tí ó bá sún, ọ̀nà lásán ni yóò là, abala mìíràn wà tí ó bá sún, ìlú kò ní rí ibi tí àwọn èèyàn yóò gbà wọ ọkọ̀ sá lọ. Àwọn kan bínú pé ìwé ni wọ́n ń fi owó bọ́ǹdì kọ, wọ́n ní bíríkì dà? N kò bá wọn bínú. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n fi òpó gún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, tí owó òpó di ìlọ́po méjì kí ọdún tó yí. Lórí ilẹ̀ bí èyí, ihò àyẹ̀wò ni owó tó rọ̀ ìlú lọ́rùn jù láti ná.

Lọ́dún kan náà, àrùn Kòrónà lé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ, owó háyà èbúté já wálẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ló hàn kedere sí mi pé àjọ tó ń fi owó ilé oúnjẹ tọ́jú ògiri kò ní àbò kankan.

Ní ìparí 2021 wọ́n kéde iṣẹ́ 23 tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò lẹ́bàá Embarcadero. Wharf J9 ní Fisherman's Wharf, tó ti gbó, wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ti àyíká Ferry Building, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti kó èèyàn jáde bí afárá àti reluwé abẹ́ ilẹ̀ bá dákẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní 1906.

Ohun méjì mìíràn wáyé ní 2022. Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ panápaná tuntun ṣí ní Pier 22½, ó sì léfòó lórí omi. Orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ onírin ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó ń bá omi lọ sókè sódò lára òpó rẹ̀, kò gbára lé ògiri. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé ìjọba ìlú alára kò fọkàn tán ògiri yẹn, mo rò pé ẹ ti rí i. Èkejì, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Smithsonian, wọ́n so pátákó kọnkéré olójú kókó mọ́ ògiri níbi mẹ́ta láti wò bóyá ewé omi àti ìṣáwùrú yóò fara mọ́ ọn ju kọnkéré dídán lọ. Owó kékeré ni. Ó dùn mọ́ mi, mo sì ti lọ wò ó nígbà tí òkun fà.

Oṣù Kìíní 2024: $13.5 bílíọ̀nù

Ìwé ètò Corps àti ìlú jáde. Kì í ṣe máìlì mẹ́ta mọ́. Máìlì méje ààbọ̀ ni, láti Aquatic Park dé Heron's Head Park. Wọ́n fẹ́ gbé etí omi sókè láti dènà òkun tó bá ga sí i, títí dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́bàá Embarcadero. Ferry Building yóò ga sókè pẹ̀lú, ilé odindi, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ aago rẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 245. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $13.5 bílíọ̀nù.

Mo jókòó ti ìṣirò. Ìjọba àpapọ̀ lè san ìdá 65 nínú 100, ìyẹn nǹkan bí $8.8 bílíọ̀nù. Ti ìlú àti àwọn tó bá bá a dá sí i jẹ́ 35, nǹkan bí $4.7 bílíọ̀nù. Bọ́ǹdì $425 mílíọ̀nù tí àwọn èèyàn jó ayọ̀ rẹ̀ ní 2018 kò ju nǹkan bí 3 nínú 100 gbogbo owó náà lọ, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpín ìlú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ibi iṣẹ́ ní, "Wọ́n tan àwọn olùdìbò jẹ." Èmi kò gbà. Láìsí bọ́ǹdì yẹn, ìlú kò ní ní owó àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ní ohun tí yóò gbé síwájú Corps. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún àwọn èèyàn ní 2018, kí ó ṣe kedere, pé owó ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹrẹ̀ wá ńkọ́? Ibi tí mo kọ́kọ́ wá nínú ìwé náà nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà ti rí ọ̀nà gbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdènà omi lórí ilẹ̀ tó lè yọ̀ lọ, ìdènà náà kò ní wúlò lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì. Nítorí náà, fífún ilẹ̀ lágbára di apá kan ìdènà omi. Wọ́n á po sìmẹ́ńtì mọ́ ẹrẹ̀ nínú ilẹ̀ kí ó le. Bí owó ẹrẹ̀ ṣe fara pamọ́ sábẹ́ owó omi nìyẹn. Ọgbọ́n gidi ni, n kò sì rò pé wọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni pé ibi tí omi bá ti ń halẹ̀ ni owó yóò kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibi tí ẹrẹ̀ ti jìn jù. Àwọn ibi méjèèjì kò sì fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn ará ìlú ní ọ̀rọ̀ tiwọn náà. Àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ ń bèèrè bí gọ̀dáńù wọ́ọ̀fù yóò ṣe rí bí ọ̀nà iwájú rẹ̀ bá ga. Àwọn onílé oúnjẹ ń bèèrè ibi tí oníbàárà yóò gbà wọlé ní gbogbo ọdún tí wọ́n bá ń gbẹ́lẹ̀. Ìbéèrè gidi ni méjèèjì, owó ìdáhùn wọn yóò sì hàn nínú ìṣirò tó bá kàn.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Nígbà tí ìwé ètò náà jáde, àfojúsùn wọn ni pé kí ó dé iwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fún òfin omi ti 2026. Ẹni tí kò bá mọ bí Washington ṣe ń náwó lè rò pé bí òfin bá ti jáde, owó ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ni òfin yẹn ń fúnni. Owó jẹ́ òfin mìíràn, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tó ti gbàṣẹ tí kò tíì rówó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lọ́wọ́ Corps. Lẹ́yìn àṣẹ, ìlú yóò ṣì wá ìpín tirẹ̀: bọ́ǹdì mìíràn, owó ìpínlẹ̀, tàbí owó orí tó bá pọ̀ sí i lára àwọn ilé tí ògiri yóò dáàbò bò.

Nínú ìwé tó bá tún jáde, ìlà kan ni n ó kọ́kọ́ wò: iye tí fífún ilẹ̀ lágbára yóò ná wọn, àti iye tí Corps gbà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdènà omi. Bí wọ́n bá gba gbogbo rẹ̀, ìṣirò ìlú ṣì dúró. Bí wọ́n bá ní ti ìmìtìtì ilẹ̀ ni apá kan, kí ìlú gbé e fúnra rẹ̀, $4.7 bílíọ̀nù yẹn yóò ga sí i, Àjọ Èbúté yóò sì ní láti yan abala tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Mo ti kọ èyí tí èmi yóò yan sílẹ̀: Ferry Building àti ibùdó ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.